Wọ́n Na Ọmọ Yín 6–0, 6–1? Ẹ Má Tíì Ta Rákẹ́ẹ̀tì Náà

Ìpè kan wọlé sórí fóònù mi nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè kan, ìyá ọmọ kan tí mò ń kọ́ ní tẹníìsì ní Sùúrùlérè ni, wọ́n wà lórí Eko Bridge nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, wọ́n ní, "Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀ o, látìgbà tá a ti kúrò ní Erékùṣù kò tíì lanu, mo ra gàlá kò jẹ ẹ́, mo ra búrẹ́dì kò wojú ẹ̀." Mo ní kí wọ́n gbé fóònù fún un, kò gbà á. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ó ti na àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ mẹ́ta tẹ̀léra nínú ìdíje yẹn, gbogbo wa ti ń pariwo pé iná ti jó dórí kókó, àfìgbà tó kan ọmọ tó wà ní nọ́ńbà kìíní. 6–0, 6–1, ìyẹn ni pé nínú sẹ́ẹ̀tì méjì tí wọ́n gbá, ẹnì kejì jẹ géèmù méjìlá, tiwa jẹ ẹyọ kan. Iṣẹ́jú 38. Géèmù kan tó rí jẹ yẹn gan-an, dọ́bù fọ́ọ̀tì méjì (kí sáàfù tó ń bẹ̀rẹ̀ póìntì kùnà lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra) lẹnì kejì fi ta á lọ́rẹ.

Irú ìpè báyìí ti pọ̀ jù lórí fóònù mi, nǹkan kan náà sì ni mo máa ń sọ fún gbogbo wọn, nítorí náà mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ rí i kà nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kàn yín, torí ó ń bọ̀ wá kàn yín ṣáà. Ọmọ tó bá ń gòkè, ó di dandan kó ṣe kòńgẹ́ ẹnì kan tó ti wà lókè.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn

Ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa ṣe ni pé kẹ́ ẹ má ṣe nǹkan kan. Mi ò fi ṣeré o. Ẹ fún un lómi, ẹ jẹ́ kó bọ́ bàtà ẹ̀, ẹ jẹ́ kó jókòó sẹ́yìn mọ́tò kó máa wo ìta. Tó bá fẹ́ sunkún, kó sun ún. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí, inú mọ́tò ni wọ́n ti ń ṣe kíláàsì, wọ́n á há ọmọ mọ́ orí Third Mainland Bridge níbi tí ò ti lè sá lọ, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀, "Kí ló dé tó ò gbá a sí bákháńdì ẹ̀? Kí ló dé tó ò sáré?" Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sábẹ́ agbòjò tẹ́ ẹ ń jẹ ẹ̀pà, ẹ̀yin wá mọ ibi tó yẹ kó gbá a sí.

Ẹ má sọ pé "ṣebí èèyàn bíi tìẹ náà ni", ó mọ̀ pé èèyàn bíi tòun ni, ìyẹn gan-an ló ń dùn ún. Ẹ má ka iye owó tẹ́ ẹ ti ná, owó rákẹ́ẹ̀tì, owó kóòṣì, owó mọ́tò, ọmọ náà ti kà á tán kẹ́ ẹ tó lanu. Èyí tó wá burú jù ni ọ̀rọ̀ ayé. Ẹ dákun. Mo mọ bàbá kan tó gbé ọmọ ẹ̀ lọ sílé àdúrà láàárọ̀ ọjọ́ kejì torí ọmọ náà ní ọwọ́ òun ń wúwo nígbà tóun ń sáàfù. Ọwọ́ ẹ̀ wúwo lóòótọ́, ẹ̀rù ló ń bà á! Mi ò bá àdúrà jà o, èmi náà ń gbà á, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti lè sọ fún ọmọ pé àwọn kan ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ti gba iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn, torí kò sí kóòṣì tó lè kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dá sáàfù ayé padà.

Tẹ́ ẹ bá délé, oúnjẹ tó bá wù ú ni kẹ́ ẹ fún un, kì báà jẹ́ Indomie. Ara tó lómi tán nínú oòrùn ọ̀sán Èkó ń fẹ́ iyọ̀, ń fẹ́ omi, kò fẹ́ ìwàásù. Àǹtí wọn tó wà n'Íbàdàn máa béèrè lórí WhatsApp ìdílé pé báwo lọ́jọ́ ṣe lọ, ẹ fèsì pé ó ti délé, ó ń sùn. Ẹ má kọ èsì ayò síbẹ̀, torí ọ̀kan nínú àwọn bọ̀dá á fi ẹ̀rín síbẹ̀, ọmọ náà á sì rí i.

Nígbà tí ìyà náà ṣì ń lọ lọ́wọ́

Ẹ jẹ́ n padà sẹ́yìn díẹ̀, torí ibi tó yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀ ni orí kọ́ọ̀tù. Ìwọ ọmọ tó ń ka eléyìí, ìwọ ni mò ń bá wí báyìí, kí dádì àti mọ́mì sinmi ná.

Wọ́n ti ń nà ẹ́ 0–4. Mo mọ nǹkan tó ń ṣe ẹ́, o ń kánjú. Èèyàn tí wọ́n bá ń nà máa ń fẹ́ kó tètè tán, á máa sáré lọ sídìí láìnì, á sáàfù láì tíì mí, ẹnì kejì ò sì ní jà ẹ́ níyàn torí òun náà fẹ́ tètè lọ jẹun. Dúró. Òfin fún ẹ ní ìṣẹ́jú-àáyá 25 láàárín póìntì kan sí èkejì. Tẹ́ ẹ bá ń pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́, o ní 90, àyàfi lẹ́yìn géèmù àkọ́kọ́ nínú sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan tí ẹ ò gbọdọ̀ jókòó, tí sẹ́ẹ̀tì bá sì parí o ní 120. Nínú ìdíje tiwa níbí kì í sábà sí aago lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀tù, àmọ́ àkókò náà ṣì jẹ́ tìẹ. Rìn lọ sídìí wáyà lẹ́yìn, nu ojú, tún okùn rákẹ́ẹ̀tì tò bí ẹni pé nǹkan ṣe é, kò sẹ́ni tó máa bi ẹ́.

Lẹ́yìn náà gbá bọ́ọ̀lù sí àárín. Àwọn ọmọ kì í fẹ́ gbọ́ èyí, wọ́n ń rò pé nọ́ńbà kìíní yìí, àfi kí wọ́n gbá a sórí láìnì kí wọ́n tó rí i jẹ, wọ́n á wá máa gbá a síta. Nẹ́ẹ̀tì, ní àárín, gíga ẹ̀ jẹ́ sẹ̀ńtímítà 91 àti díẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́bàá òpó méjèèjì ó jẹ́ 107. Ìyẹn ni pé ojú ọ̀nà tó rẹlẹ̀ jù ni àárín, bọ́ọ̀lù tó bá sì jìn lọ bá a láàárín, kò rí igun tó máa fi lé ẹ kiri. Gbá a ga, gbá a jìn, kó máa bọ́ lọ sẹ́bàá láìnì ẹ̀yìn. Kò dùn ún wò. Wọ́n lè fi ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá mọ ayò gbá fẹ́ràn kéèyàn gbá a le bọ̀ wá, agbára tìẹ ló fi ń nà ẹ́, nítorí náà má fún un lágbára kankan, kó fúnra ẹ̀ wá a.

Sáàfù rẹ, dín agbára ẹ̀ kù kí àkọ́kọ́ lè máa wọlé. Sáàfù kejì tó bá rọ̀ níwájú ẹni tó ga jù ẹ́ lọ, ọ̀fẹ́ ni. Tó bá jẹ́ tiẹ̀ ni kò ṣeé dá padà, sún sẹ́yìn ẹsẹ̀ méjì, má fi rákẹ́ẹ̀tì gun òfuurufú, kàn gbé e síwájú kí bọ́ọ̀lù lù ú padà. Kí àfojúsùn rẹ kéré. Má ronú pé o fẹ́ jẹ sẹ́ẹ̀tì, sọ fún ara ẹ pé géèmù tó kàn yìí, mo fẹ́ kó dé deuce, ìyẹn kí póìntì yín dọ́gba ní mẹ́ta sí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó fi di dandan kí ẹnì kan fi méjì ṣáájú kó tó jẹ géèmù náà.

Má sì ṣe ojú ayé pé ẹsẹ̀ ń dùn ẹ́ kó o lè jáde. Tó bá ń dùn ẹ́ lóòótọ́, jáde kíákíá, ara ò ní àfirọ́pò. Ṣùgbọ́n tí kò bá sí nǹkan tó ṣe é, gbá a parí. Ní February 1976, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n pa Murtala Muhammed, àwọn ṣójà ya wọ orí kọ́ọ̀tù ní Lagos Lawn Tennis Club ní Oníkan níbi tí Arthur Ashe àti Jeff Borowiak, ọmọ Amẹ́ríkà méjì, ti ń gbá sẹmi-fáínà ìdíje kan lọ́wọ́, wọ́n lé àwọn méjèèjì dànù, ní Caracas lọ́hùn-ún ní Venezuela ni wọ́n ti lọ parí ẹ̀. Tí ṣójà ò bá tíì wọlé, ìwọ ṣì wà lórí kọ́ọ̀tù.

Èmi kì í sọ pé o máa jẹ ẹ́ padà lọ́jọ́ yẹn, irọ́ ni mo máa pa fún ẹ, ọ̀pọ̀ ìgbà kì í ṣẹlẹ̀. Ó kàn máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà míì. Nduka Odizor tí wọ́n bí l'Ékòó níbí, ní Wimbledon 1983, ìdíje ńlá ti London, Guillermo Vilas ọmọ Argentina tí wọ́n to sípò kẹrin nínú ìdíje yẹn ló bá pàdé ní ráúńdì àkọ́kọ́, Vilas jẹ sẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́, Odizor jẹ mẹ́ta tó kù, ó sì rìn dé ráúńdì kẹrin. Tó bá jẹ́ pé ó ti ń palẹ̀ àpò ẹ̀ mọ́ lẹ́yìn sẹ́ẹ̀tì kejì, ta ló máa dárúkọ ẹ̀ ní Sùúrùlérè lónìí?

Tó bá parí, lọ sídìí nẹ́ẹ̀tì, wo ojú ẹ̀, bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, sọ pé o gbá a dáadáa, kó o sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àǹpáyà. Ó tán.

Ìwé kan, bírò kan, ọjọ́ Túsìdé

Ẹ jẹ́ kí Mọ́ńdè kọjá. Èmi ò kì í pe ọmọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kó lọ síléèwé, kó fi nǹkan míì ronú. Ọjọ́ Túsìdé la máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ká ṣí fídíò. (Ẹ máa ká a sílẹ̀ o, ẹ fi okùn so fóònù mọ́ wáyà tó wà lẹ́yìn láìnì, kó ga díẹ̀, ẹ má dì í mọ́wọ́ torí ọwọ́ yín á máa gbọ̀n nígbà tí wọ́n bá ń na ọmọ yín.) Tí kò bá sí fídíò, ẹni tó wò ó dáadáa tí ò sì sunkún ló máa sọ ọ́.

A fa ìlà sínú ìwé. Póìntì kọ̀ọ̀kan, a máa kọ bó ṣe tán: ṣé ẹnì kejì gbá a tí kò ṣeé bá ni, àbí èmi ni mo gbá a síta, àbí inú nẹ́ẹ̀tì, àbí dọ́bù fọ́ọ̀tì. Ká sì kọ iye ìgbà tí bọ́ọ̀lù kọjá nẹ́ẹ̀tì kó tó tán. Ó máa ń gba àkókò, ó máa ń súni, ọmọ á ní òun ò fẹ́ wò ó mọ́, ẹ fi sùúrù ṣe é.

Nígbà tá a ka ti ọmọ yẹn tán, póìntì 83 ni wọ́n gbá lápapọ̀, ó jẹ 27. Géèmù mẹ́rin nínú èyí tó pàdánù ló dé deuce, mẹ́ta nínú wọn, póìntì kan péré ló kù kó jẹ géèmù náà. Òun àti màmá ẹ̀ ti gbà pé kò fọwọ́ kan ẹnì kejì rárá, ìwé sì sọ pé nǹkan bíi póìntì kan nínú mẹ́ta, òun ló jẹ ẹ́. Ẹ ò rí i, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ka ayò tẹníìsì máa ń purọ́ mọ́ èèyàn. Géèmù tó lọ sí deuce lẹ́ẹ̀marùn-ún àti géèmù tó tán ní ìṣẹ́jú kan, ẹyọ kan náà ni wọ́n ń kọ fún méjèèjì. Roger Federer, ọ̀kan nínú àwọn tó mọ tẹníìsì gbá jù láyé, sọ ọ́ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ní Dartmouth l'Ámẹ́ríkà lọ́dún 2024, ó ní nínú ayò òun 1,526, òun jẹ bíi 80 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n tó bá di póìntì, 54 péré nínú ọgọ́rùn-ún lòun jẹ. Federer o! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa pàdánù póìntì kan fún ìkọ̀ọ̀kan tó bá jẹ.

Mo wá sọ tàwọn tó gba òdo méjì fún ọmọ náà. Lọ́dún 1988, fáínà Roland Garros ní Paris, Steffi Graf tó wà ní nọ́ńbà kìíní láyé na Natasha Zvereva 6–0, 6–0, ọmọ ọdún 17 ni Zvereva nígbà yẹn, àti ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ò ju iṣẹ́jú 34 lọ, póìntì 13 ló rí jẹ. Lọ́dún 2025, fáínà Wimbledon, Iga Świątek na Amanda Anisimova 6–0, 6–0 ní iṣẹ́jú 57, Anisimova jẹ póìntì 24. "Ìwọ jẹ 27," ni mo sọ fún un, "o ju àwọn méjèèjì lọ." Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Sọ́ńdè. Mo mọ̀ pé ìrẹ́jẹ wà nínú ìṣirò yẹn, òun náà mọ̀, àmọ́ ẹ̀rín ni mò ń wá.

Irú ìyà wo lẹ jẹ?

Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti farabalẹ̀. 6–0 kan ò jọ 6–0 kejì. Tẹ́ ẹ bá lo oògùn ìyà kan fún ìyà míì, ẹ máa fi oṣù mẹ́fà ṣòfò, mo ti ṣe é rí, èmi fúnra mi, mo ní kí ọmọ kan máa sáré yípo pápá kí ẹsẹ̀ ẹ̀ lè yá nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rù ni ìṣòro ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ yá lóòótọ́, ẹ̀rù náà sì ń bá a sáré.

Ìyà ẹ̀rù, ẹ máa rí i nínú ìwé: dọ́bù fọ́ọ̀tì pọ̀, bọ́ọ̀lù tó rọrùn ló ń gbá síta, nígbà tí póìntì bá ṣe pàtàkì ló ń bàjẹ́. Ti Anisimova nìyẹn. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ na Aryna Sabalenka, nọ́ńbà kìíní láyé, ní sẹmi-fáínà, ẹ má sọ fún mi pé kò mọ̀ ọ́n gbá. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní September, òun àti Świątek tún pàdé ní US Open, Anisimova sì jẹ ẹ́ 6–4, 6–3. Ó sọ lẹ́yìn náà pé òun wo fídíò Wimbledon yẹn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, bó tilẹ̀ ń dun òun. Ẹ wo ìgboyà. Oògùn ìyà ẹ̀rù ni pé kó máa gbá níbi tí ojú pọ̀. Lọ́dọ̀ wa, lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń ní kí gbogbo àwọn ọmọ yí kọ́ọ̀tù ká, kí wọ́n máa pariwo, kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́, méjì nínú wọn á gbá tie-break (géèmù kúkúrú tí wọ́n fi ń yanjú sẹ́ẹ̀tì tó bá di ọ̀mì ní 6–6) kan ṣoṣo, ẹni tó bá pàdánù á ra piọ́ wọ́tà fún gbogbo ilé. Ẹ ò lè mọ bí owó piọ́ wọ́tà ṣe ń mú ọwọ́ ọmọ gbọ̀n. Tó bá ti mọ́ ọn lára níbẹ̀, á mọ́ ọn lára lọ́jọ́ ìdíje.

Ìkejì, ìgbá ẹnì kejì ni kò bá tìẹ mu. Nínú ìwé, ibì kan náà ni jàǹbá ti ń ṣẹlẹ̀, ká ní fọ́háńdì rẹ (ìgbá tí àtẹ́lẹwọ́ kọjú síwájú) nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ga, tàbí bákháńdì rẹ (tí ẹ̀yìn ọwọ́ kọjú síwájú) nígbà tí ọlọ́wọ́ òsì bá ń sáàfù. Coco Gauff àti Świątek yìí kan náà ni àpẹẹrẹ ẹ̀, ọmọ ọdún 18 ni Gauff nígbà tí Świątek nà án 6–1, 6–3 ní fáínà Roland Garros 2022, ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n pàdé tí Gauff ò jẹ sẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, gbogbo ayé ló mọ̀ pé fọ́háńdì ẹ̀ ni Świątek ń dọdẹ. Ìgbà kẹjọ, ní Cincinnati ní August 2023, ó jẹ ẹ́, oṣù tó tẹ̀lé e ló gba US Open. Oògùn ẹ̀ ò ní ìdán kankan nínú, ẹ wá ẹni tó ń gbá bíi ti ẹnì kejì yẹn, kí ọmọ yín máa bá a gbá títí á fi sú u. L'Ékòó, kò sí kíláàbù tí kò ní bàbá àgbàlagbà kan tó jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, tí gbogbo bọ́ọ̀lù ẹ̀ ń rá pálá nílẹ̀, tí ò sáré rí láyé ẹ̀, tó sì ń na àwọn ọ̀dọ́ lójoojúmọ́. Ẹ bẹ̀ ẹ́. Ẹ ra mínírà fún un.

Ìkẹta, ẹnì kejì jù ú lọ. Ó tán. Nínú ìwé ẹ máa rí i pé ọmọ yín ò ṣe àṣìṣe púpọ̀, ẹnì kejì ló ń gbá a ní àgbáyanu. Èyí ló ṣòro jù fún òbí láti gbà, wọ́n á ní kóòṣì ń ṣàwáwí. Ọjọ́ 5 May 2021, ọjọ́ tí Carlos Alcaraz pé ọmọ ọdún 18 gan-an, ní Madrid, Rafael Nadal, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú tẹníìsì, fi 6–1, 6–2 ṣe ọjọ́ ìbí fún un. Ọdún kan lẹ́yìn ẹ̀, ní Madrid yẹn náà, ó na Nadal, ọjọ́ kejì ó na Djokovic, ó gba ife, September ọdún náà ó gba US Open, ó di nọ́ńbà kìíní láyé lọ́mọ ọdún 19. Ìyà tirú ẹ̀ bá jẹ, kó máa jẹun, kó máa sùn, kó máa gbá, ara á dàgbà. Mo mọ̀ pé gbogbo ọmọ kọ́ ló máa di Alcaraz, ẹ má wá bá mi fa ọ̀rọ̀.

Ti ọmọ wa yẹn, póìntì mẹ́ta tó kù kó jẹ géèmù tí mo sọ yẹn, dọ́bù fọ́ọ̀tì méjì, ìkẹta ó gbá bọ́ọ̀lù tó wà lókè orí ẹ̀ bọ́ sínú kọ́ọ̀tù kejì. Ẹ̀rù. Àmọ́ nǹkan kan tún wà níbẹ̀: bọ́ọ̀lù 19 ló gbá kọjá láìnì ẹ̀yìn, 19! Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rù nìkan, ó sì gbé mi dé orí ọ̀rọ̀ tí mo ti ń pariwo ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Bọ́ọ̀lù tuntun, ẹ̀yin òbí Èkó

Afẹ́fẹ́ ni wọ́n fún mọ́ inú bọ́ọ̀lù tẹníìsì, agolo tó sì wà nínú ẹ̀, afẹ́fẹ́ ni wọ́n fún mọ́ òun náà kí bọ́ọ̀lù má bàa kú. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ "pṣẹ́ẹ̀" tí agolo yẹn ṣí, bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀ sí kú díẹ̀díẹ̀. Èyí táwọn ọmọ wa ń fi ṣe tíréènì, òmíì ti lo oṣù mẹ́ta, irun ti re lórí ẹ̀, tẹ́ ẹ bá jù ú sílẹ̀ ó ń dún bí ọsàn tó ti rà. Ọmọ á fi gbogbo agbára ẹ̀ gbá a kó tó dé ẹ̀yìn. Ó wá di ọjọ́ ìdíje, àǹpáyà ṣí agolo tuntun, ọmọ fi agbára kan náà gbá a, bọ́ọ̀lù ń fò lọ bí ẹyẹ. Ọmọ tó wà ní nọ́ńbà kìíní, bọ́ọ̀lù tuntun ló wà nílé wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun ò rí ìyàtọ̀ kankan. Lójú tèmi, ìdajì ìyà táwọn ọmọ Mainland ń jẹ níwájú àwọn ọmọ tó rọ́wọ́ họrí, inú agolo yẹn ló wà.

Nítorí náà: ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdíje, bọ́ọ̀lù tuntun ni kí ọmọ fi gbá. Tí agbára ò bá gbé e, kí òbí mẹ́rin dáwó, kẹ́ ẹ ra agolo kan, kí àwọn mẹ́rin jọ lò ó. Okùn rákẹ́ẹ̀tì náà, kì í dìgbà tó bá já kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ ẹ̀, ó máa ń dẹ̀, tó bá sì ti dẹ̀ bọ́ọ̀lù á máa bọ́ lọ́nà jíjìn. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ ni pé iye ìgbà tó ń gbá lọ́sẹ̀ ni iye ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ pààrọ̀ okùn lọ́dún, ó kéré tán.

Ti sáàfù tó ń fò kọjá lójú ọmọ, mo máa ń kúrò ní láìnì ẹ̀yìn lọ dúró sórí láìnì sáàfù láàárín kọ́ọ̀tù, tó jẹ́ pé láti ibẹ̀ sí nẹ́ẹ̀tì ò ju mítà 6.4 lọ, nígbà tó jẹ́ pé láti ẹ̀yìn ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 12, ibẹ̀ ni mo ti ń sáàfù sí wọn, iṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wọ́n á máa sá fún un. Ọ̀sẹ̀ kẹta, tí mo bá padà sẹ́yìn, wọ́n á ní "Kóòṣì, ẹ tún ti ń rọra ṣe é."

Ṣé kẹ́ ẹ pààrọ̀ kóòṣì? Èmi ni kóòṣì, ẹ lè ní ara mi ni mò ń gbè. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé kò wá wo ayò náà, tí kò béèrè bó ṣe lọ, tí Túsìdé sì dé tó kàn ní kí ọmọ máa sáré yípo kọ́ọ̀tù, ẹ tètè yáa máa wá ibòmíì.

Ìgbà kejì

Ẹ má sá fún ọmọ tó nà án. Mo mọ àwọn òbí tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti gbọ́ pé lágbájá máa wà nínú ìdíje, ara ọmọ wọn ò ní yá lọ́sẹ̀ yẹn. Zvereva tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, kò fi eré náà sílẹ̀, ife Grand Slam (ìdíje mẹ́rin tó tóbi jù lọ́dún) 18 ló gbà nínú eré ẹlẹ́ni-méjì, ó sì fi ọdún mẹ́wàá dúró de Graf, ní Wimbledon 1998 ó nà án ní sẹ́ẹ̀tì méjì gbáko.

Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ ṣí ìwé Túsìdé yẹn, ẹ mú nǹkan ẹyọ kan níbẹ̀, kó má ju ẹyọ kan lọ. Tọmọ wa ni pé kí dọ́bù fọ́ọ̀tì má ju mẹ́ta lọ. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ọwọ́ ẹ̀ pẹ̀lú bírò.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìgbà yẹn ni wọ́n tún pàdé, ẹnì kejì tún nà án, 6–4, 6–3, ó gbá ju wákàtí kan lọ, dọ́bù fọ́ọ̀tì méjì. Èmi ò lè dúró parí ẹ̀ torí mo ní ọmọ míì lórí kọ́ọ̀tù kejì. Ní nǹkan bí aago méje alẹ́ ìpè tún wọlé, Eko Bridge náà ni, mo ń gbọ́ hóònù dáńfó lẹ́yìn wọn. Mo ní, "Mọ́mì, ṣé kò tún sọ̀rọ̀ ni?"

Wọ́n ní, "Kóòṣì, kò jẹ́ kí n gbádùn, ó ní kí n ká fídíò tó kàn láti apá òsì. Gàlá méjì ni mo rà, ó ti jẹ tiẹ̀, ó ti jẹ tèmi mọ́ ọn."